Àwọn ọmọ ìyá kan ṣoṣo ni àìsàn yìí ń mú

Ọkùnrin tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí jẹ́ ẹni ọdún 43, oníṣòwò ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní àgbègbè Gate, n'Ìbàdàn. Kó tó dé ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, ó ti tó bí ọdún kan tó ti ń rẹ̀ ẹ́. Ó ń rù, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun, bó bá sì gbé ẹrù díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, àfi kó jókòó kó tó lè dá oníbàárà lóhùn. Wọ́n ti tọ́jú ibà fún un ní kẹ́mísìtì, wọ́n ti tọ́jú taifọ́ọ̀dù, òun fúnra rẹ̀ sì ti mu agbo jẹ̀díjẹ̀dí lọ́dọ̀ ìyá alágbo àdúgbò. Kò rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi fura sí ìfun.

PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, já sí 21. Dókítà tó gbà á wọlé ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ṣùgbọ́n kò fi mọ síbẹ̀, ó béèrè ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ. Ọkùnrin kì í ṣe nǹkan oṣù, kì í sì í bímọ. Bí irin bá tán nínú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, inú ìfun ló yẹ ká yẹ̀ wò, torí kókó tó bá wà lápá ọ̀tún ìfun ńlá lè máa ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ojú má sì rí i. Wọ́n ṣe colonoscopy fún un, ìyẹn kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gba ojú ihò ìdí tì wọ inú ìfun. Wọ́n bá kókó kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ìfun ńlá, wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ sí lábù. Jẹjẹrẹ ni. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n yọ apá ọ̀tún ìfun ńlá náà kúrò, ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́fẹ.

Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwa òṣìṣẹ́ ìlera pé jẹjẹrẹ ìfun kì í ṣe àìsàn àwọn èèyàn wa. Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ tó ṣiṣẹ́ ní Uganda, ló gbé e jáde nígbà ayé rẹ̀ pé oúnjẹ tí fáíbà pọ̀ nínú rẹ̀ ló ń dáàbò bo àwọn ará Áfíríkà. Ohun tó rí lásìkò tirẹ̀ ló sọ. Ohun tí à ń rí lásìkò tiwa yàtọ̀: àwọn aláìsàn náà wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tíì pé àádọ́ta ọdún. Ìyẹn nìkan tó kí èèyàn béèrè ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé wọn.

Fọ́ọ̀mù tí a fi ń gba aláìsàn wọlé ní ìlà kan fún ìyẹn. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yín ti ní jẹjẹrẹ rí? Ọkùnrin náà dáhùn pé, "Rárá o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i." Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí. Nígbà tí iṣẹ́ abẹ kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n tún bi í, ó tún sọ ohun kan náà. Kò parọ́. Kò sí ẹnì kan nínú ẹbí rẹ̀ tí òun mọ̀ pé jẹjẹrẹ ló pa á.

Ẹni tó yí ọ̀rọ̀ padà ni àbúrò ìyá rẹ̀, màmá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó ń dúró tì í ní wọ́ọ̀dù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń tọ́jú ojú ọgbẹ́ ọkùnrin náà, màmá dìde, wọ́n bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí mo ṣe tán, mo bá wọn níbẹ̀, wọ́n ń sunkún. Wọ́n ní, "Áńtí nọ́ọ̀sì, ọ̀nà tí ìyá rẹ̀ gbà lọ lòun náà fẹ́ gbà yìí. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà."

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ta ni gbogbo wọn?"

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì, màmá sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Ìyá aláìsàn wa kú ní nǹkan bí ẹni ọdún 51. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, ó tún padà dé, ẹ̀jẹ̀ náà kò sì dá títí tó fi kú. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin kú kó tó pé àádọ́ta ọdún: inú rẹ̀ wú, kò lè yàgbẹ́, kò lè sọ́, ó ń bì títí. Àkọ́bí ìyá náà, ìyẹn ẹ̀gbọ́n aláìsàn wa obìnrin, kú ní ẹni ọdún 38, inú rírun ni wọ́n pè é. Ó wá kan èyí tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ní agbo ilé wọn, ọ̀rọ̀ yìí ti ní ìtumọ̀ tipẹ́. Bàbá aláìsàn wa fẹ́ ìyàwó méjì. Ìyàwó kejì bí ọmọ márùn-ún, ara gbogbo wọn le. Ọmọ mẹ́rin ni ìyáálé, ìyẹn ìyá aláìsàn wa, bí, àwọn nìkan ni àìsàn ń mú. Gbogbo agbo ilé gbà pé àfiṣe ni, wọ́n sì mọ ẹni tí wọ́n ń nà ní ìka. Ìyàwó kejì yẹn ti darúgbó, ó ṣì wà láàyè, àwọn ọmọ ìyáálé kì í sì í jẹ oúnjẹ rẹ̀.

Mi ò bá màmá jiyàn. Ohun tí wọ́n sọ wúlò púpọ̀, torí ó péye. Wọ́n ti rí i pé ìdí ìyá kan ni àìsàn náà ń tọ̀. Mo kàn béèrè ohun kan: ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin tí inú rẹ̀ wú, ṣé ó bá wọn gbé agbo ilé yẹn rí? Wọ́n ní rárá, ìlú wọn ní òkè Ògùn ló gbé títí tó fi kú, kò sì mọ ìyàwó kejì náà dáadáa. Wọ́n dákẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n sọ ọ́. Ibẹ̀ ni mo ti mú bébà, mo ya ìdílé náà: ta ni ìyá, ta ni bàbá, ta ló wà láàyè, ta ló kú, ní ẹni ọdún mélòó, kí ló ń ṣe é. Mo béèrè lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan bóyá ìyá kan náà àti bàbá kan náà ni. Nínú ilé olórogún, ẹni tí kò bá béèrè bẹ́ẹ̀ yóò ya àwòrán tí kò já mọ́ nǹkan kan, torí pé gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń pe ara wọn ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò.

Dókítà wa wo bébà náà, ó ní ká wá ìwé kankan tó bá ṣẹ́ kù. Ọkọ ẹ̀gbọ́n aláìsàn wa obìnrin tó ti kú ló mú un wá, nínú nylon dúdú kan tó ti ń tọ́jú láti ọdún wọ̀nyẹn. Èsì àyẹ̀wò ẹran ara ni: jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Ọkọ náà mọ̀ láti ìgbà yẹn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí ó ní ìyàwó òun bẹ òun kí òun má ṣe sọ.

Àwọn oníṣègùn ti mọ irú ìdílé báyìí fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, ìdílé ló sì kọ́kọ́ sọ fún wọn. Ní 1895, obìnrin aránṣọ kan ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà sọ fún Aldred Warthin, onímọ̀ patọ́lọ́jì, ìyẹn oníṣègùn tó ń yẹ ẹran ara wò ní lábù, pé òun mọ̀ pé jẹjẹrẹ ló máa pa òun, torí bó ṣe ń pa àwọn èèyàn òun nìyẹn. Jẹjẹrẹ ilé ọmọ ló sì pa á. Warthin kọ ìtàn ìdílé náà jáde ní 1913. Henry Lynch ló wá fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀ láti àwọn ọdún 1960, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é: Lynch syndrome. Jíìnì mẹ́rin ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀, MLH1, MSH2, MSH6 àti PMS2. Iṣẹ́ wọn ni láti tún àṣìṣe ṣe nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń da DNA rẹ̀ kọ. Ẹni tó bá jogún ọ̀kan tó bàjẹ́ nínú wọn lè ní jẹjẹrẹ ìfun ńlá, ilé ọmọ, ibi tí ẹyin obìnrin ń gbé, àpòlúkù, ìfun kékeré tàbí ọ̀nà ìtọ̀, nígbà mìíràn kó tó pé àádọ́ta ọdún. Nǹkan bí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn jẹjẹrẹ ìfun ló ní in.

Ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní Amsterdam, tó ní ká máa wá mọ̀lẹ́bí mẹ́ta tó ní irú jẹjẹrẹ wọ̀nyí, nínú ìran méjì, kí ọ̀kan kéré tán má tíì pé àádọ́ta ọdún. Ìdílé yìí bá a mu tán. Ṣùgbọ́n ìlànà náà ń fẹ́ kí lábù ti jẹ́rìí sí jẹjẹrẹ náà, ìwé ẹnì kan ṣoṣo ló sì wà nínú àwọn tó ti kú. Níbi tí òkú kì í ti í ní ìwé, ìlànà tó gbára lé ìtàn ìdílé nìkan yóò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ sá mọ́ wa lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí èmi fi fara mọ́ ohun tí ìgbìmọ̀ NICE ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì là sílẹ̀ ní 2017, pé kí wọ́n wá àmì Lynch nínú kókó gbogbo aláìsàn jẹjẹrẹ ìfun, láìka ọjọ́ orí tàbí ìtàn ìdílé sí. Nílé wa ńbí, ìwádìí kan tí àwọn oníṣègùn Ilé-Ifẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní New York gbé jáde ní 2021 fi hàn pé kókó tí iṣẹ́ àtúnṣe DNA yìí ti bàjẹ́ nínú rẹ̀ pọ̀ lára àwọn aláìsàn Nàìjíríà gan-an ju ti àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n fi wé wọn. Kì í ṣe gbogbo irú kókó bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ àjogúnbá, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tí a ń gbà wá àjogúnbá nìyẹn.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò yọrí sí rere. Ohun tí lábù ń ṣe ni pé wọ́n á gé ẹran ara náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á sì fi àwọ̀ wá pùrótéènì tí jíìnì mẹ́rin náà ń ṣe. Níbi tí pùrótéènì bá wà, àárín sẹ́ẹ̀lì yóò yọ àwọ̀ ilẹ̀. Bí kókó kò bá yọ àwọ̀, àfi kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó lera tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yọ ọ́, ká tó lè sọ pé pùrótéènì náà ti sọnù. Lórí gíláàsì ọkùnrin yìí, kókó kò yọ àwọ̀, sẹ́ẹ̀lì tó lera náà kò sì yọ ọ́. Onímọ̀ patọ́lọ́jì kọ̀ láti buwọ́ lù ú. Mo bọ̀wọ̀ fún un gidigidi fún ìyẹn, torí gbogbo wa ló ń retí èsì, ìdílé sì ti sanwó. Ó ṣàlàyé pé ìfun tí wọ́n yọ ní tíátà nípọn, formalin, oògùn tí wọ́n fi ń pa ẹran ara mọ́, kì í sì í tètè wọ inú ẹran. Bí ó bá pẹ́ kí wọ́n tó là á kí wọ́n tó rì í sínú rẹ̀, pùrótéènì inú rẹ̀ á ti bàjẹ́. Ó ní kí wọ́n wá búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ẹran ara tí lábù ti fi ìda dì, ti ẹran kékeré tí wọ́n gé nígbà colonoscopy. Inú formalin ni wọ́n ju ìyẹn sí lójú ẹsẹ̀, ó kéré, ó sì rin dáadáa.

Èyí yọ àwọ̀ kedere. MLH1 àti PMS2 wà níbẹ̀. MSH2 àti MSH6 kò sí nínú kókó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wà nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó yí i ká. Méjèèjì jọ máa ń sọnù ni, torí MSH6 kò lè dúró bí MSH2 kò bá sí níbẹ̀. Ká ní MLH1 ló sọnù ni, à bá ti kọ́kọ́ wá ìyípadà jíìnì BRAF nínú kókó náà, nítorí MLH1 lè kú nínú kókó àgbàlagbà láìjẹ́ pé ó jogún nǹkan kan. Ti MSH2 kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. A mú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí lábù jíìnì, a sì ti béèrè ṣáájú bóyá wọ́n máa ń wá ibi tí odindi abala jíìnì ti gé kúrò, torí àyẹ̀wò tó ń ka lẹ́tà DNA nìkan kò lè rí i. Ìdílé dáwó jọ san án. Nígbà tí èsì dé, abala ńlá kan ti gé kúrò nínú MSH2 rẹ̀.

Kí èsì yìí tó dé rárá ni àwọ̀ orí gíláàsì ti ṣe ọkùnrin náà lóore. Jẹjẹrẹ rẹ̀ kò tíì dé inú kókó omi ara (lymph node) kankan nínú èyí tí wọ́n yẹ̀ wò, ìpele kejì ló wà. Fún irú kókó tí àtúnṣe ti bàjẹ́ nínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ní ìpele yẹn, oògùn kẹ́mò tí wọ́n ń pè ní 5-FU nìkan kì í ṣe aláìsàn láǹfààní. Àwọn dókítà jẹjẹrẹ ní kó máa lọ láìgba kẹ́mò. Ó ti ń ronú láti ta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kó lè rí owó kẹ́mò.

Ọ̀rọ̀ tó le jù ṣì wà níwájú. Nígbà tí dókítà ṣàlàyé pé ìyá rẹ̀ ló jogún un lọ́wọ́ ẹ̀, ojú rẹ̀ tú ká. Ó ní, "Ó dáa nígbà náà. Àwọn ẹbí ìyàwó mi kò ní irú ẹ̀, àwọn ọmọ mi bọ́." Ó yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tó ti wá. Ohun kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ nípa àjogúnbá ni jẹ́nótáìpù: bí ọ̀kan bá jẹ́ AS tí èkejì jẹ́ AA, kò séwu. Ti Lynch kò rí bẹ́ẹ̀. Jíìnì kan ṣoṣo tó bàjẹ́, láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo, tó. Nígbà tó gbọ́ pé ìdajì-ìdajì ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ kọ̀ọ̀kan jogún rẹ̀, ó tún ṣírò rẹ̀ lọ́nà mìíràn: àwa mẹ́rin ni ìyá wa bí, ẹ̀gbọ́n mi ti kú, èmi nìyí, ìdajì ti pé, àwọn àbúrò mi méjèèjì bọ́. Mo yọ owó ẹyọ nínú àpò, mo sọ ọ́ sókè níṣojú rẹ̀ léraléra. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta léra wọn ló ṣubú sí orí kan náà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò rántí bó ṣe ṣubú ṣáájú." Ó mi orí, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló sọ pé òun kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Àbúrò rẹ̀ tó gbẹ̀yìn, ẹni ọdún 31, tó wà ní Èkó, fẹ́ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ láìpẹ́. Gbogbo wa mọ̀ pé kí wọ́n tó fọmọ fún èèyàn nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n á wádìí bóyá wàràpá tàbí ẹ̀tẹ̀ wà nínú ìdílé náà. Kò fẹ́ kí orúkọ àìsàn tuntun kún un nítorí tirẹ̀. A kò fi agbára mú un. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní ẹ̀tọ́ láti pe mọ̀lẹ́bí rẹ̀ lórí fóònù. Ohun tí a ṣe ni pé a kọ lẹ́tà kan, lédè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, tó sọ orúkọ jíìnì náà àti ibi tó ti gé gan-an, kí lábù tó bá fẹ́ yẹ mọ̀lẹ́bí wò lè mọ ibi tí yóò wò, láìdárúkọ aláìsàn. Ìgbà tó bá wù ú ni kó fún ẹni tó bá wù ú.

Màmá ló mú kó yí ọkàn padà. Wọ́n ní bí ó bá dákẹ́, ìyàwó kejì yóò kú pẹ̀lú ẹ̀sùn tí kò mọ ọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Ọkùnrin náà pe ẹbí jọ sí kílíníkì. Ẹni tó wá ṣojú agbo ilé ni àkọ́bí ìyàwó kejì, tó ti di olórí ẹbí. Ó béèrè bóyá òun àti àwọn ọmọ ìyá òun náà yóò ṣe àyẹ̀wò. Dókítà ní rárá, ọ̀dọ̀ ìyáálé ló ti wá, ewu tiyín kò ju ti ará ìta lọ. Ó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ kí gbogbo wọn gbọ́." Dókítà tún un sọ.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ẹni ọdún 36, ṣe àyẹ̀wò. Ó ní jíìnì náà. Colonoscopy rẹ̀ rí kókó kéékèèké méjì tí kò tíì di jẹjẹrẹ, wọ́n yọ wọ́n lọ́jọ́ náà. Ó ti mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tó bá yà lásìkò tí kò yẹ kì í ṣe ohun àtimú mọ́ra, àwọn dókítà obìnrin sì ti bá a sọ̀rọ̀ lórí yíyọ ilé ọmọ lẹ́yìn tó bá bímọ tán. Màmá náà ṣe é, wọn kò ní in, torí náà kò sí ohun tó kan àwọn ọmọ wọn níbẹ̀. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ yóò máa ṣe colonoscopy ní ọdún kan sí méjì, nítorí ìyókù ìfun ńlá rẹ̀ ṣì wà nínú ewu. Wọ́n tún bá a sọ̀rọ̀ lórí aspirin: ìwádìí CAPP2, tí John Burn darí láti Newcastle, fi hàn pé 600 mg lójúmọ́ fún ọdún méjì ń dín jẹjẹrẹ ìfun kù lára àwọn tó ní Lynch. Ẹni tó bá ní ọgbẹ́ inú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀ kò tíì pé ọdún 18, a kò yẹ̀ ẹ́ wò. Colonoscopy fún ẹni tó bá jogún MSH2 ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ẹni ọdún 25. Àbúrò tó wà ní Èkó ti gba lẹ́tà. Kò tíì wá.

Ohun tó yí padà nínú iṣẹ́ wa ni pé a kì í béèrè jẹjẹrẹ nìkan mọ́. À ń béèrè bí ìyá ṣe kú, bí àwọn ọmọ ìyá ìyá àti àwọn ọmọ ìyá bàbá ṣe kú, ọjọ́ orí wọn, bóyá ẹ̀jẹ̀ yà wọ́n, bóyá inú wọn wú. À ń béèrè lọ́wọ́ àgbà tó bá tẹ̀ lé aláìsàn wá, níbi tí aláìsàn kò ti ní gbọ́, bí aláìsàn bá gbà. Bí wọ́n bá sọ pé àfiṣe ni, à ń kọ ẹni tó kàn sílẹ̀, a sì ń bi wọ́n bóyá ẹnì kan nínú ẹ̀jẹ̀ náà kú bẹ́ẹ̀ níbòmíràn.

Èkejì ni àsìkò. Ẹran kékeré ti colonoscopy ni kí a ṣe àyẹ̀wò náà lára rẹ̀, kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé. Yàtọ̀ sí pé àwọ̀ máa ń mú dáadáa lára rẹ̀, oníṣẹ́ abẹ tó bá mọ̀ ṣáájú pé Lynch ni lè bá aláìsàn jíròrò bóyá kí wọ́n yọ púpọ̀ nínú ìfun ńlá lẹ́ẹ̀kan. Ọkùnrin wa kò ní àǹfààní ìjíròrò yẹn. Níbi tí owó kò bá tó fún àwọ̀ mẹ́rin, PMS2 àti MSH6 ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe: bí MLH1 bá sọnù, PMS2 á bá a lọ, bí MSH2 bá sọnù, MSH6 á bá a lọ, torí náà méjì yẹn yóò mú èyí tó pọ̀ jù. Bí ọ̀kan bá sọnù, ìgbà náà ni kí wọ́n wá owó èyí tó kù. Kí lábù má sì da búlọ́ọ̀kù nù lẹ́yìn tí aláìsàn bá ti lọ sílé, tàbí lẹ́yìn tó bá ti kú, torí ìgbà tí ọmọ rẹ̀ bá dé pẹ̀lú àìsàn kan náà ni wọ́n máa nílò rẹ̀ jù.